Tóònù Tí Ìyá Mi Bí Mọ́ Mi Ni Wọ́n Ń Tà Fún Mi

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Jíìmù kan wà ládùúgbò wa tí n kò ní dárúkọ. Oríṣi owó mẹ́ta ni wọ́n kọ sára ògiri ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ mọ́sù ní iye tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọn ní iye tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ, ni tóònù, òun ló sì wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá ẹ ò gbọ́ mi dáadáa: tóònù wọ́n ju mọ́sù lọ. Ẹni tó sanwó mọ́sù, irin ńlá ni wọ́n ń gbé fún un, èèyàn méjì á sì dúró tì í kó má baà já lé e láyà. Ẹni tó sanwó tóònù, irin kékeré aláwọ̀ píǹkì, kílò 2 péré, ni wọ́n á kó lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó máa gbé e sókè sódò títí orin á fi tán. Mo ń san púpọ̀ kí n lè gbé díẹ̀. Alájàpá wo ló ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀?

Kóòṣì ló mú mi wọ ẹgbẹ́ tóònù. Ọmọkùnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún ni, síńgílẹ́ẹ̀tì ló ń wọ̀ kiri àní lásìkò ọyẹ́. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ó fi ìka méjì di ẹran abẹ́ apá mi mú, ó mì ín, ó wò mí tàánútàánú. "Dádì, ẹ wo nǹkan tó ń mì yìí. Ẹ ò ní tóònù rárá." Mo ní kí ló dé tí n kò fi ní. Ó ní àìṣe eré ìdárayá ni, àti ẹ̀bà alẹ́. Mo ní báwo ni tóònù ṣe yàtọ̀ sí mọ́sù. Ó ní mọ́sù máa ń wú, tóònù kì í wú, ńṣe ló máa ń mú ara le. Mo ní ṣé irin ńlá ò lè mú ara le ni. Ó ní, "Háà, Dádì, ìyẹn á sọ yín di báyìí," ó na apá rẹ̀ méjèèjì síta kí n lè rí ewu tó wà níbẹ̀. Èmi tí ìfẹ̀yìntì ti ń kan ilẹ̀kùn mi, tí bẹ́líìtì mi ti dé ihò tó kẹ́yìn, òun ló ń bẹ̀rù pé apá mi á wú jù!

Ti Ìyá Bùkọ́lá, ìyàwó mi, ló tún dùn mí jù. Irin gidi lòun fẹ́ gbé. Wọ́n ní èèwọ̀, pé bí obìnrin bá gbé irin ńlá, èjìká rẹ̀ á fẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Wọ́n fún òun náà ní píǹkì. Obìnrin tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25 gun àtẹ̀gùn ilé wa nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ! Lítà omi kan, kílò kan ni. Ó ń gbé kílò 25 nílé lọ́fẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ò fẹ̀. Ó wá ń sanwó níta láti gbé kílò 2.

Ǹ bá ti gba kámú, bí kì í bá ṣe ti Màmá, ìyá ìyàwó mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, apá òsì wọn ló sì mú. A máa ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn fisió ní ilé ìwòsàn. Apá yẹn ká mọ́ wọn láyà, àwọn ìka di ẹ̀ṣẹ́, àtàǹpàkò sì sá pamọ́ sábẹ́ àwọn tó kù. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn á fi ọwọ́ kan gba ìgúnpá wọn mú, á fi èkejì di ọrùn ọwọ́, á nà án jẹ́jẹ́. Apá á tẹ̀lé e. Á tún nà án, kíá lọ́tẹ̀ yìí. Apá á dé ìdajì ọ̀nà, á há, á dúró gbọn-in, kó tó wá máa jọ̀wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ nǹkan sínú fáìlì, ó ní, "Màmá, tóònù yín ṣì ga."

Mo fò dìde. Tóònù ga kẹ̀? Màmá tí wọn ò fọwọ́ kan píǹkì rí láyé wọn? Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń jẹ tí èmi náà lè máa jẹ?" Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ wá gbà á. Gbàǹjo ni mò ń ta tèmi."

Ọmọbìnrin yẹn ló fi sùúrù tú u palẹ̀ fún mi. Tóònù ni agbára díẹ̀ tí iṣan fi ń di ara rẹ̀ mú nígbà tí ẹni tó ni ín kò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá jọ̀wọ́ apá mi sílẹ̀ pátápátá, tí ẹlòmíì ń nà án, àtakò kékeré tó bá pàdé lọ́wọ́ rẹ̀, tóònù nìyẹn. Inú iṣan ni àwọn aṣọ́nà tíntìntín wà tí wọ́n ń ròyìn fún ọ̀pá ẹ̀yìn bí iṣan ṣe gùn tó. Bí ẹnì kan bá fà á lójijì, ọ̀pá ẹ̀yìn á pàṣẹ pé kó súnkì. Ọpọlọ ló máa ń tẹ àṣẹ yẹn lórí ba kó má pọ̀ jù. Rọpárọsẹ̀ ti ba ọ̀nà tí ọpọlọ Màmá ń gbà sọ pé "ó tó" jẹ́, ìdí nìyẹn tí apá wọn fi ń há. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá dà bíi dánfó tó wà ní gáréèjì, tí dẹ́rẹ́bà ò pa ẹ́ńjìnnì: kò tíì lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n kò sùn. Òun ni kì í jẹ́ kí àgbọ̀n já bọ́, òun ni kì í jẹ́ kí orí ṣubú sáyà nígbà tí ìwàásù bá gùn.

Ìgbà tí oorun bá dé ló ń dín, tí orí á wá gbé ara lé èjìká ẹni ẹlẹ́ni nínú ọkọ̀. Bí oorun bá wọra débi àlá, ọpọlọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo rẹ̀, ó ku ti ojú àti ti èémí, kí èèyàn má baà bá ẹni tó ń lé e lójú àlá jà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, bí kóòṣì bá fẹ́ bá mi níbi tí n kò ti ní tóònù, òru ni kó wá, nígbà tí mo bá ń lálàá pé wọ́n san gbogbo àjẹsílẹ̀ owó oṣù wa.

Mo ní kó díwọ̀n tèmi náà. Wọ́n ní òdiwọ̀n kan, Ashworth ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà tó gbé e jáde ní 1964. Bohannon àti Smith tún un ṣe ní 1987. Láti 0 dé 4 ni. Ó tẹ apá mi, ó nà án, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Òdo ni, Dádì." Ojú tì mí. Ìyàwó mi wo òkè àjà. Ọmọbìnrin náà ní kí n má ro ara mi pin, òdo ló dáa jù níbẹ̀, pé kò sí àlékún. Ẹni tó gba 4, apá rẹ̀ ti le gbagidi, kò ṣeé tẹ̀, kò ṣeé nà. Bó bá sì jẹ́ pé n kò ní tóònù rárá ni, apá mi ì bá rọ jọwọlọ lọ́wọ́ òun. Ẹ gbọ́ ná: àwọn aláìsàn tí tóònù wọn pọ̀ jù wà tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ Botox, èyí kan náà tí àwọn gbajúmọ̀ fi ń na ojú tó hunjọ, kí iṣan lè dẹ̀. Wọ́n ń sanwó kí tóònù dín. Èmi ń sanwó kó pọ̀.

Mo rántí ìgbà tí wọ́n bí Bùkọ́lá, tí wọ́n yẹ tóònù rẹ̀ wò. Dókítà obìnrin kan ní New York, Virginia Apgar, ló là á sílẹ̀ ní 1952 pé kí wọ́n yẹ ọmọ tuntun wò bó bá ti ń pé ìṣẹ́jú kan láyé: àwọ̀ rẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀, bó ṣe ń fèsì bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, èémí rẹ̀, àti tóònù rẹ̀. Máàkì 2 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ká apá ká ẹsẹ̀, tó ń ta pútúpútú, ó ti gba 2 nínú ti tóònù. Ìṣẹ́jú kan! Kò gbé irin, kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Mo wá bi fisió yìí pé kí gan-an ni wọ́n wá ń tà fún wa ní jíìmù. Ó ní nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀: kí iṣan tóbi díẹ̀, kí ọ̀rá tó bò ó sì fẹ́lẹ́ kó lè hàn. Kò sí ẹ̀kẹta. Ẹ rántí ògiri yẹn. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó wọ́n jù, kò sí láyé. Àpapọ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n tún kùn ní pupa.

Ọ̀rá yẹn gan-an, kì í gbọ́ tẹni. Kóòṣì ní bí mo bá ń gbé píǹkì, èyí tó ń mì lábẹ́ apá mi á yọ́. Ní 1971, wọ́n wọn apá àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì. Apá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní iṣan tó tóbi ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ kò fẹ́lẹ́ jù ú. Olùṣèwádìí kan, Katch, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kó ọkùnrin jọ ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n rí jáde ní 1984. Fún ọjọ́ 27 wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe sit-up, títí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ṣe 5,004. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti mẹ́rin! Ọ̀rá ikùn wọn kò tìtorí ẹ̀ jò ju ti ẹ̀yìn àti ti ìdí lọ. Ara ló ń yan ibi tí yóò ti mú ọ̀rá. Kì í bi kóòṣì léèrè.

Irin fífúyẹ́ lè mú iṣan tóbi lóòótọ́, bí èèyàn bá gbé e títí apá fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni apá rẹ̀ ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lórí kílò 2? Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a máa ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí tán kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ní ti èjìká Ìyá Bùkọ́lá, ìròyìn ayọ̀ ni. Testosterone, họ́mọ̀nù tó ń ran iṣan lọ́wọ́ láti wú, ti àgbà ọkùnrin fi nǹkan bí ìlọ́po 15 ju ti obìnrin lọ. Kóòṣì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ tó ní, ẹ bi í pé ọdún mélòó ló fi jìyà kó tó rí apá tó fi ń dẹ́rù ba àwọn ìyàwó wa.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, bàtà ni wọ́n fi tà á. Reebok polówó bàtà kan, EasyTone, pé ẹni tó bá kàn ń wọ̀ ọ́ rìn, iṣan ìdí rẹ̀ á fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Ìjọba pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là ní 2011. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Skechers san mílíọ̀nù 40 lórí bàtà tiwọn. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n owó dé ọwọ́ àwọn tó ra bàtà. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo kórìíra jíìmù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Agbára ni wọ́n sọ. Wọn ò dárúkọ píǹkì.

Nítorí náà, kóòṣì, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Pa ìlà pupa yẹn rẹ́ lára ògiri. Gbé irin gidi fún Ìyá Bùkọ́lá, kí o dúró tì í kó má já lé e. Owó mọ́sù ni kí o máa gbà lọ́wọ́ èmi náà. Iye tó fi lé lórí ìyẹn, láti ìgbà tí mo ti ń san án, dá a padà fún mi. Nọ́ńbà àkáǹtì mi wà nínú fọ́ọ̀mù tí o ní kí n kọ.