Àwọn Ajá Tó Bo Àṣírí Olorì

Ẹ sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ ààfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń pariwo. Louis Kẹtàlá, ọba Faransé, fi dáyámọ́ǹdì ta Anne aya rẹ̀ lọ́rẹ. Kí ni olorì ṣe? Ó kó o fún Buckingham, ìjòyè ará Ìlú Ọba tí ìfẹ́ rẹ̀ ń pa bí ọtí! Ẹ̀bùn ọkọ, lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn! Wọ́n ní kò sí nǹkan kan láàárín wọn o. Mo gbọ́.

Nínú kátúùnù ọmọdé sì ni wọ́n ti ń sọ èyí! Dogtanian and the Three Muskehounds ni. BRB Internacional, iléeṣẹ́ Claudio Biern Boyd ní Sípéènì, ló gbé e kalẹ̀. Nippon Animation ní Jàpáànù ló ya àwòrán rẹ̀. Apá 26 ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Ìwé tí Alexandre Dumas kọ ní 1844 ni wọ́n mú, wọ́n wá sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba inú rẹ̀ di ajá. Ajá tó wọ bàtà gígùn, tó de fìlà oníyẹ̀ẹ́, tó fi idà há ìbàdí!

Ọmọ oko tí wọ́n ń pè ní Dogtanian yẹn wù mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àfojúdi rẹ̀ pọ̀ jù. Kò tíì mọ ọ̀nà ní Párísì tó fi bá àgbà mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba dá ìjà idà. Nínú ìwé, agogo méjìlá ni ti Athos, agogo kan ni ti Porthos, agogo méjì ni ti Aramis, bí ẹni ń pín ìwé ìpè ìnáwó. Ta ló kọ́ ọmọ yìí nílé?

Ẹ wá wo Kádínà Richelieu. Ẹni Ọlọ́run o! Òun ló ta ọba lólobó pé kí olorì lo dáyámọ́ǹdì náà lọ sóde ijó, kí àṣírí lè tú. Milady, alágbàtà ìkà rẹ̀, ni wọ́n yà ní ológbò láàárín ajá. Mo ní ó tọ́ sí i.

Àmọ́ ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn ọmọ ló gba ẹnu mi. Juliette tí Dogtanian ń fẹ́, omidan ni nínú kátúùnù. Nínú ìwé ńkọ́? Constance lorúkọ rẹ̀, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ni! Ayálégbé, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù! Porthos ń jẹ owó ìyàwó lọ́yà arúgbó kan. Athos rí àmì tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sí èjìká ìyàwó rẹ̀, àmì ọ̀daràn; ó so ó kọ́ sórí igi. Kò kú. Òun náà ni Milady! Akọni wa fúnra rẹ̀ sì wọlé tọ Milady yìí nínú òkùnkùn, ó ṣe bí ẹni pé ọkùnrin mìíràn lòun. Ṣíọ̀!

Wọ́n tiẹ̀ gbé ìwà Athos fún Porthos, wọ́n gbé ti Porthos fún Athos. Nínú ìwé, Porthos ni òmìrán. Nínú kátúùnù, Athos ni. Bóyá kí a má baà mọ ẹni tí a ó bú. Dumas náà ńkọ́? Auguste Maquet tó bá a kọ ìwé náà kò rí orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti pàdé.

Síbẹ̀, bí àwọn ajá yẹn bá fi ẹṣin sáré lọ gba dáyámọ́ǹdì náà padà ní Ìlú Ọba nítorí olorì tó ti ṣìwà hù, ọkàn mi a máa bá wọn sáré. Wọ́n ń bo àṣírí obìnrin tó jẹ̀bi, èmi náà ń gbàdúrà pé kó má tú. Ẹ ò rí i bí kátúùnù ṣe ń ba èèyàn jẹ́?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ti ajá. Ìwé Dumas ni kí ẹ gbé sókè, níbi tí ọwọ́ wọn kò ti ní tó o. Ẹ gbé e sí ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ orí tèmi ti gbà á.