Ẹnjiníà Eléyín Ogún

Kò sí àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí ní Kaduna tí ẹ ò ti ní bá Ẹnjiníà pàdé. Ó lè jẹ́ Barnawa, ó lè jẹ́ Kakuri tàbí Sabon Tasha. Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa, ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ìṣeré kan, oní-rìmóòtù, ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹ má pè é ní ìṣeré lójú rẹ̀ o. Ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ṣì ń gba àlàyé lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ Sunday.

Ẹnjiníà kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbì kankan. Ó ní ìdílé ló ti bá òun. "Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kaduna níbí. PAN, ilé-iṣẹ́ tó ń tò ó, ni bàbá mi wà. Jíà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa!" Òótọ́ ni, PAN ni bàbá rẹ̀ wà. Ẹnu géètì ló wà. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn 504 tó bá ń jáde.

Ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ náà wá kò tẹ́ Ẹnjiníà lọ́rùn. Ti àtijọ́ ni, irú èyí tí kábọ́ọ̀nù méjì máa ń ha inú rẹ̀ títí wọn yóò fi jẹ tán. Brushless ló fẹ́, èyí tí kò sí kábọ́ọ̀nù tó ń ha á. Ó gbọ́n níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, kv nìkan lojú rẹ̀ rí: iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yóò yí ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan tí bátìrì bá fún un, nígbà tí kò bá fa ẹrù kankan. Ọkọ̀ tó wúwo, tí táyà rẹ̀ tún rí gìrìwò, kv kékeré ló ń fẹ́. Ẹnjiníà ní 3500 lòun fẹ́. Ó so bátìrì LiPo onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta mọ́ ọn, volt 11.1, ó ṣírò lórí fóònù, ó bá kígbe: "Ìgbà 38,850 ní ìṣẹ́jú kan!" Láti ọjọ́ náà, ẹ ò lè kí i pé ẹ káàárọ̀ kẹ́ ẹ má gbé nọ́ńbà yẹn lọ sílé. Ti "kò bá fa ẹrù kankan" ni kì í sọ.

Eyín jíà ló kàn. Jíà kékeré tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ní eyín 13, ńlá tó ń gba agbára lọ sí táyà ní 54. Ẹ́ńjìnnì á yí ju ìgbà mẹ́rin lọ kí jíà ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè ṣí nílẹ̀ láìṣe wàhálà. Bí eyín ti kékeré bá pọ̀ sí i, eré á pọ̀ sí i, iná tí ẹ́ńjìnnì ń mu á pọ̀ sí i, ooru á sì tẹ̀lé e. Nínú gbogbo èyí, "eré á pọ̀ sí i" ni Ẹnjiníà gbọ́. Ó gba ọjà Panteka lọ, ó ní kí Mallam tó ń gé irin gé eléyín 20 fún òun. Mallam wo ọkọ̀, ó wo ọlọ́kọ̀, ó ní: "Injiniya, ina za ta?" Níbo ló ń lọ? Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín àánú. Ẹni tí kò mọ kv ló ń bi òun ní ibi tí ọkọ̀ ń lọ!

Bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan rẹ̀ náà nìyẹn. Gílóòbù mẹ́rin ló wà nílé rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lè tanná fún gbọ̀ngàn ìgbéyàwó.

Ọjọ́ pé, Sunday kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí oòrùn ń dá sẹ̀ríà fún gbogbo ará Kaduna. Ẹnjiníà gbé ọkọ̀ dé Murtala Square, níbi tí ẹṣin ti ń sá eré ìje láyé àtijọ́. Ó mú ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru iwájú orí wa nígbà Kòrónà dání. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa yin ín sí léraléra, kó dá ọkọ̀ dúró bí ooru bá ti ń sún mọ́ 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iwájú orí àwọn ọmọ tó wá wòran ló ń yin ín sí.

Ọkọ̀ ta gìrì, ó fi eruku bo gbogbo wa, àwọn ọmọ hó yèè. Kò tíì já ìdajì pápá tí òórùn wáyà jíjó fi kàn wá. Èéfín tẹ̀lé e. Ẹnjiníà dá oòrùn lẹ́bi, ó dá ẹni tó ta bátìrì lẹ́bi, ó dá irin Mallam lẹ́bi. Eyín 20 nìkan ló gba àre.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé. Ó gbé ọkọ̀ há abíyá, ó ń lọ, ló bá rí ọmọkùnrin kan tí ọkọ̀ tirẹ̀, eléyín 13 tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù, ti ń yí pápá po láti ọ̀sán. Ojú àánú ló fi wò ó.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ẹ dáa, ṣùgbọ́n jíà yẹn ti kéré jù. Gbé e wá sílé mi lọ́la."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Màmá mi ti ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án."