Oríkì Ṣógundógójì Orí Fóònù

Ṣógundógójì, mo dé, mo wá kì ọ́.
Ẹni tí kò níyì náà ní oríkì, mo ti ṣa èyí tó yẹ ọ́ jọ.
Ayánilówó-lóru-bí-ọ̀sán,
tí kì í béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe,
tí kì í béèrè onídùúró,
tó ní kí á ṣáà fi ìka tẹ ibi tí a ti gbà,
tó sì wọ inú fóònù lọ, tó ń ka orúkọ ará ilé ẹni.

Àwọn baba rẹ ni màá kọ́kọ́ kì,
torí ọmọ tí a ń kì, a kì í fo baba rẹ̀.
Ayáni-lógún-gba-ogójì,
tó jókòó ti ọ̀kẹ́ owó ẹyọ,
tó gba ọmọ lọ́wọ́ baba, tó pè é ní ìwọ̀fà.
Ọmọ ń kọ ebè lóko rẹ̀,
iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé ni;
owó tí baba ọmọ yá kò fi ẹyọ kan ṣoṣo dín.
Ọmọ ìbáà sìn ín títí tí irùngbọ̀n á fi hù,
àfi bí a bá ka gbogbo owó náà sílẹ̀ kó tó lọ.
Síbẹ̀ baba rẹ mọ ohun kan tí ìwọ kò mọ̀:
ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú.
Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921
pé òmìnira ni, iyì rẹ̀ láwùjọ kò yingin, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú ìlú kò sọnù.

Ọmọ ológò, tó wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn,
tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òun kò lọ,
tó ń bú, tó ń pariwo, tó ń pa adìẹ tí kò sìn jẹ
títí onígbèsè yóò fi wá owó jáde.

Mi ò ní ka àwọn Òṣómàáló mọ́ ìdílé rẹ.
Oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ rù, ó tà á láwìn láti ìlú dé ìlú;
ọjọ́ owó pé, ó ní òṣó ni òun máa ló títí owó òun á fi pé.
Oòrùn tó ń pa onígbèsè ń pa òun náà,
ojú rẹ̀ sì wà nínú ojú ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.
Ìwọ ńkọ́? A-kò-mọ-ojú-ẹ̀, a-kò-mọ-ilé-ẹ̀,
a-gbọ́-ohùn-rẹ̀-nìkan-lórí-fóònù.

Aránṣọ kan ládùúgbò wa bá ọ yá náírà 10,000, kó fi ra òwú àti zípù.
O ti yọ èlé kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀;
ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò tó 10,000,
10,000 pípé lo ń béèrè, láàárín ọjọ́ méje.
Ọjọ́ méje! Oníbàárà tó ni aṣọ kò tíì wá wọ̀ ọ́ wò.
Ilẹ̀ ọjọ́ keje kò tíì ṣú tí o fi bẹ̀rẹ̀.
O kọ̀wé sí ìyá ọkọ rẹ̀.
O kọ̀wé sí pásítọ̀ rẹ̀ àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀.
O ní olè ni, o lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.
Ti àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀,
o kéde òkú wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń mí.
A-sin-alààyè-nítorí-èlé!
Oríkì yìí, ìwọ lo fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gbà á.

Baba rẹ gba ọmọ kan, òun àti ẹbí ọmọ jọ sọ ọ́, wọ́n jọ gbà.
Ìwọ gba ìyá, o gba àbúrò, o gba aládùúgbò,
gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ni o fi ṣe ohun ìdógò,
ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ pé òun ti di ìwọ̀fà rẹ.

Má pe èyí ní yíyá létí mi.
Mo mọ yíyá. À ń yá ọmọ odó, à ń yá àkàbà,
à ń yá ìkòkò ńlá ọjọ́ ìkómọ;
ẹni tó yá ìkòkò á fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà,
bó bá bu ìrẹsì díẹ̀ sínú rẹ̀, ìfẹ́ ló ṣe é.
À ń ra gààrí láwìn lọ́dọ̀ ìyá ẹnu ọ̀nà,
ó fi ẹfun fa ìlà sára ògiri, oṣù parí, a san án.
Oṣù tí a kò bá rí i san, á bú wa, á sì tún wọn òmíràn fún wa.
À ń dá àjọ, à ń wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
níbi tí ẹni tó yáwó ti mọ àwọn tó ni owó.
(Ẹni tó bá jẹ gbèsè, kó san án. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ajẹgbèsè-má-san.)

Ìjọba náà ti kì ọ́.
Ní 2021, NITDA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ kan nínú ìdílé rẹ, torí pé ó tú àṣírí oníbàárà.
Ní 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, wọ ọ́fíìsì yín ní Ìkẹjà, ó sì ní kí ẹ wá forúkọ sílẹ̀.
Ní 2023, Google ní kí áàpù ayánilówó má wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ẹnikẹ́ni mọ́.
A-lé-jáde-lẹ́nu-ọ̀nà-gba-fèrèsé-wọlé,
o yí orúkọ padà, o tún dé.

Aránṣọ ti san owó rẹ.
Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní, ó ta ọ̀kan kí owó náà tó pé.
Ó ku gbèsè kan nílẹ̀, ìwọ lo sì jẹ ẹ́.
Ìyá ọkọ rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, olùkọ́ ọmọ rẹ̀,
gbogbo ẹni tí o kọ̀wé sí lọ́jọ́ yẹn,
kọ̀wé sí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan,
kí o sọ fún wọn pé o purọ́ mọ́ ọn,
kí o sì kọ orúkọ ara rẹ gan-an sí ìsàlẹ̀.