Bọ̀dá Onípáàsì

Bí ẹ bá gbé Agége, Ògbà, Ìfàkọ̀ tàbí Oko-Ọba lóṣù kẹrin ọdún 2020, ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ilé oníyàrá mẹ́jọ tí kò ní ẹyọ kan. Aago méje àárọ̀ á lù, gbogbo ará ilé á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wo ojú ara wọn, ẹni tó ń wẹ ọmọ ń wẹ ọmọ, ẹni tí kò rí nǹkan ṣe ń ka ihò ìṣó tó wà lára páànù. Ìgbà yẹn gan-an ni òun á ṣílẹ̀kùn jáde, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lílọ̀, bàtà rẹ̀ dídán. Yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo èèyàn lè gbójú sókè. (Ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ kéèyàn máa wúkọ́ láàárín èrò, àmọ́ ta ni yóò sọ fún un?) Lẹ́yìn náà, yóò fọwọ́ kan àyà. Àyà ò dùn ún o, káàdì ló ń wá: káàdì tí wọ́n fi rọ́bà dídán bò, tó fi okùn búlúù kọ́rùn, tí fọ́tò rẹ̀ àti òǹtẹ̀ kọ́ńpìnnì wà lára rẹ̀. Páàsì nìyẹn.

"Ẹ̀yin ará ilé, a ń lọ síbi iṣẹ́ ìlú o."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá."

Kí oṣù kẹta ọdún náà tó parí, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí Bọ̀dá ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó bi í. Kíláàkì ni ní sítọ̀ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn Acme Road, níbi tí wọ́n ti ń ṣe náílọ́nù tí wọ́n fi ń di bisikíìtì. Ó ń kọ ohun tó wọlé, ó ń kọ ohun tó jáde. Bí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀ pé kí lọkọ ẹ̀ ń ṣe, "Ó wà ní kọ́ńpìnnì kan lọ́nà Ògbà" ni yóò wí, yóò sì yí ọ̀rọ̀ sí iye tí wọ́n ń ta gààrí.

Àrùn ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ará Ítálì kan gba pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wọlé lóṣù kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù náà, àyẹ̀wò fi hàn pé Kòrónà bá a wọlé. Oṣù kan lẹ́yìn èyí, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù kẹta, Ààrẹ Buhari bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé ni fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, ọjọ́ 14 gbáko. Ohun tí àwa tó kù gbọ́ ni pé ká jókòó sílé. Bọ̀dá ń gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀: ilé ìwòsàn, àwọn elépo, àwọn oníná mànàmáná, àwọn tó ń ṣe oògùn, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti àwọn tó ń kó o kiri. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ oúnjẹ ló ti dìde lórí àga.

Ẹ má bú u. Láti Ọba Akran dé Àgídíǹgbí, kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe ìṣirò yìí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń ṣe bisikíìtì, oúnjẹ ló ń ṣe. Ẹni tó ń ṣe náílọ́nù bisikíìtì, ṣebí inú náílọ́nù ni oúnjẹ ń wọ̀? Ẹni tó ń ṣe yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára náílọ́nù ńkọ́? Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tó ń po yíǹkì ṣe ńkọ́? Ká ní wọ́n fi wá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ẹni tó ń ta gúgúrú fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ì bá ti gba páàsì tiẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni Bọ̀dá fi ń lọ síbi iṣẹ́ ìlú yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ìjọba Èkó ti lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà kúrò ní Ìkẹjà àti láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, nítorí náà àwọn ará Agége tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ibẹ̀ ti mọ ìrìn-ẹsẹ̀ dáadáa kí Kòrónà tó dé. Nígbà tí dánfó náà wá dàwátì, Bọ̀dá á gbéra láti Pen Cinema, níbi bíríìjì tí wọn ò tíì kọ́ tán nígbà náà, yóò fi Ìjaiyè Road ṣe ọ̀nà, eruku títí dé Ògbà. Bó bá délé lálẹ́, bọ́ọ̀sì sítáàfù ló gbé e o.

Ibi tí ọlọ́pàá dúró sí ni adùn ìrìn náà wà. Ẹni tí kò ní páàsì, ibẹ̀ ló ń sá fún. Bọ̀dá ní tirẹ̀, bó bá ti rí wọn lókèèrè, ńṣe ni yóò dẹ ẹsẹ̀, yóò tún kọ́là ṣe, yóò fa ìbòmú láti àgbọ̀n dé imú, káàdì á sì ti wà lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Oúnjẹ ni tiwa." Ọlọ́pàá á wo káàdì, á wo ojú, á ní kó máa lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi sọ ọ́ nínú ilé. "Wọ́n dá mi dúró lónìí. Wọ́n yẹ̀ mí wò láti òkè délẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí ohun tó wà lọ́rùn mi, sàlúùtù!"

Ọjọ́ tí wọn ò bá dá a dúró ni ọjọ́ ń burú. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oòrùn ti mú, àwọn ọlọ́pàá ń fi búrẹ́dì Agége jẹ ẹ̀wà lábẹ́ igi, wọ́n kàn juwọ́ sí i pé kó kọjá. Bọ̀dá kọjá. Ó rìn díẹ̀. Ó padà.

"Ọ̀gá, ẹ ò bi mí ní páàsì."

"Bàbá, ẹ máa lọ."

"Bó bá jẹ́ pé mi ò ní ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò ní ni?"

"Mo ní!"

"Ẹ máa lọ nígbà yẹn."

"Ẹ tiẹ̀ wò ó ná."

Nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, obìnrin kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Bọ̀dá. Ìyá Bọ̀sẹ̀ la máa ń pè é. Ìdí ẹ̀rọ ni Ìyá Bọ̀sẹ̀ wà, òun ló ń ká náílọ́nù, òun ló ń gbé e, òun ló ń tò ó sínú páálí tí Bọ̀dá máa ń kà. Àmọ́ kásúà ni. Owó ojoojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un: ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ló gbowó, ọjọ́ tí wọn ò bá pè é, ó di ti Ọlọ́run. Wọ́n ní àwọn tó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni páàsì wà fún. Ìgbà tí iṣẹ́ bá yọjú, súpáfáísọ̀ á tẹ̀ ẹ́ láago lóru pé kó débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìyá Bọ̀sẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé, á tọ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, á máa fi òkùnkùn sá fún ọlọ́pàá nítorí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń kí ẹlòmíràn kú iṣẹ́. Bí wọ́n bá pàdé ní géètì kọ́ńpìnnì, ẹ̀rín ni Bọ̀dá á kọ́kọ́ rín.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé òfin lẹ̀ ń rú yìí?"

"Bọ̀dá, ẹ bá mi ṣí géètì, ọwọ́ mi ò ṣófo."

Ohun tí Bọ̀dá kì í sọ nílé ni pé sítọ̀ọ̀ ti ṣófo. Ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe náílọ́nù ti há sí Àpápá, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń sinmi lọ́la, òun àti géètìmáànù sì ń ta ayò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í sì í sọ pé ìdajì owó oṣù ni wọ́n san. Èmi ò lè fi gbogbo ẹnu bú u ṣá. Ọkùnrin tó ti ń ka páálí láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n wá so káàdì mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ìlú ò lè ṣe é láìsí òun. Ta ni kò ní fi yangàn nínú wa?

Nínú kọ́ḿpáùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "àwa." "Àwa àti Gómìnà Sanwó-Olú ti jọ gbà pé ọjà oúnjẹ á máa ṣí." Ìjọba ní aago mẹ́wàá sí aago méjì ni kí wọ́n máa fi ná ọjà, Bọ̀dá sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa bí ẹni tí wọ́n fi ìmọ̀ràn lọ̀. Ó gbé ìgò sánítáísà kékeré kan há bẹ́líìtì. Bí ẹ bá fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, yóò fà sẹ́yìn, yóò fín díẹ̀ sí yín ní àtẹ́lẹwọ́, tòun ti ìwàásù. Ìgbà tí wọ́n gbé òṣèré Fúnkẹ́ Akíndélé àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà wá sí kóòtù Ògbà lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin, nítorí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe nínú ilé lásìkò tí òfin ò fàyè gba àpèjọ, Bọ̀dá ló mú ìròyìn wọlé. Owó ìtanràn 100,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 14 láti fi sin ìlú. A bi í pé ṣé ó wọ kóòtù ni. "Mo ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó wà lọ́rùn mi yìí, tí mo bá fẹ́ wọlé, ta ló máa dá mi dúró?"

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìjọba kò tilẹ̀ yẹ ká fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ilé 200,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ fún ní ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, búrẹ́dì àti ata gbígbẹ. Èyí tó kan àdúgbò wa, ife la fi wọ̀n ọ́n. Bọ̀dá ní kí wọ́n kọ́kọ́ bu ti òṣìṣẹ́ ìlú. Àwọn obìnrin wo ojú rẹ̀, ó sì rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe nínú yàrá.

Àfi ìgbà tí òru àwọn ọmọ gànfé dé. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ìròyìn ti kárí Agége, Ìfàkọ̀-Ìjaiyè àti Alímọ̀ṣọ́ pé àwọn tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Awawa ń bọ̀ láti ilé dé ilé. Ebi ti pa ìlú, ìròyìn yìí sì ràn ju àrùn lọ. Ọkùnrin ò sùn. Táyà ń jó lórí títì, àwọn kan gbé àdá, àwọn kan gbé irin, ẹni tí kò rí nǹkan gbé mú ọmọrogùn ìyàwó rẹ̀ dání. Òfin tó ní ká má ju èèyàn díẹ̀ lọ níbì kan sùn lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá lánlọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn Bọ̀dá.

"Bàbá, ẹ má bínú, mo níṣẹ́ ìlú láàárọ̀ ọ̀la."

"Jáde síta."

"Bàbá, páàsì mi..."

"Mú un dání o, kí o fi hàn wọ́n bí wọ́n bá dé. Bóyá wọ́n á ní kó o máa lọ."

Bọ̀dá jáde. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, káàdì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì mú rúlà gígùn tó fi ń fa ìlà sínú ìwé sítọ̀ọ̀ dání. Olè kankan ò dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di òní, Bọ̀dá gbà pé ohun tí wọ́n rí ló lé wọn padà.

Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹrin, Ààrẹ fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un, Bọ̀dá nìkan ló pàtẹ́wọ́. Àjálù tirẹ̀ dé lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún, tí wọ́n tú òfin díẹ̀. Gbogbo èèyàn bọ́ sígboro, tòun ti ìbòmú. Kásúà jáde, ìyálọ́jà jáde, fọkanáísà jáde. Bọ̀dá jáde bí ìṣe rẹ̀, ó wúkọ́, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ó wọ dánfó tí owó rẹ̀ ti fò sókè nítorí pé wọn ò gbọ́dọ̀ kún un, ó na káàdì sí kọ̀ndọ́, kọ̀ndọ́ ní, "Bàbá, owó ni mo bi yín."

Ṣùgbọ́n òfin ò tíì kú tán. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ẹsẹ̀ níta. Bọ̀dá ronú sí i. Láti ọjọ́ kejì, bó bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́rin, kì í délé mọ́. Yóò jókòó ní Pen Cinema, yóò máa wo aago ọwọ́, bí mẹ́jọ bá ti lù tó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé, yóò dìde, yóò tún kọ́là ṣe, yóò sì máa rìn bọ̀ wálé láàárín títì, kí wọ́n lè rí i. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Alẹ́ kan wá wà tí wọ́n wo káàdì, tí wọ́n dá a padà fún un, tí wọ́n sì ní kó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló wọlé, eruku ní ìdí ṣòkòtò. Ó ní náìtì ni àwọn ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ àwọn dókítà jáde. Ọlọ́pàá Èkó ní òfin alẹ́ ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, wọ́n ń dá dókítà tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti èyí tó ń bọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, ẹ̀ka Èkó bínú, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún. Rédíò ń sọ ọ́, gbogbo ilé ń gbọ́. Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ẹ ò gbọ́ ohun tójú àwọn dókítà rí?"

Bọ̀dá mi orí, àánú wọn ṣe é.

"Ìwé tí wọ́n kà ti pọ̀ jù ni. Ẹ wo irú káàdì tí wọ́n ń gbé kiri, bébà lásán. Ọlọ́pàá wo ló máa rí ìyẹn lálẹ́? Ìyá Bọ̀sẹ̀, bí ẹ bá mọ ìkankan nínú wọn, ẹ ní kó wá rí mi láàárọ̀ ọ̀la kí n tó jáde. Ọmọkùnrin kan wà ní Pen Cinema, òun ló bá mi fi rọ́bà bo tèmi, igba náírà ni. Ẹ ní kó mú fọ́tò pélébé méjì wá. Okùn, á ra tiẹ̀."