Aláròpa Ẹkún

Ẹlẹ́kún sunkún, ó bá tirẹ̀ lọ. Aláròpa ẹkún ń sunkún, kò dákẹ́. Ẹni tí mò ń bá wí yìí kò ṣòro láti rí: lọ́jọ́ tí ìròyìn bá jáde pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ra kékeré kan, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Sùúrùlérè, tàbí ilé tí àwọn ọmọ ti ń fowó gbá géèmù ní Ìdí-Oró ní Mushin, ẹ ó bá a níbẹ̀, ọmọ a-wo-sinimá-má-sanwó, ọmọ a-gbọ́rin-má-bi-olórin-bó-jẹun, tí ó káwọ́ lérí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún.

Ó káwọ́ lérí ní 2014, nígbà tí Microsoft fi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ra Mojang, àwọn ará Sweden tí ó ṣe géèmù Minecraft. Ó tún káwọ́ lérí ní 2019, nígbà tí Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ra ROK Studios, ilé sinimá tí Mary Njoku dá sílẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ orin Universal sì kéde ní 2024 pé òun fẹ́ gba ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Mavin, ilé-iṣẹ́ orin tí Don Jazzy dá sílẹ̀, omijé gidi bọ́ lójú rẹ̀. “Wọ́n ti bà á jẹ́! Adùn rẹ̀ tán nìyẹn!”

Ẹ wá bi í pé èló ni ó ti ná lórí ohun tí ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kò ní tijú. “Ṣé dátà tí mo rà kì í ṣe owó ni?” Dátà! Bí oògùn ajẹ́bíidán ni ó ṣe gbára lé ọ̀rọ̀ yìí. Ní agogo kan òru, tí dátà ti rọjú, yóò jókòó ti fóònù rẹ̀, yóò máa fa fíìmù wálẹ̀ láti orí Telegram, bí bátìrì bá sì gbóná, yóò máa fi páálí fẹ́ ẹ bí ìyá tí ń fẹ́ ọmọ tí ibà mú; ilẹ̀ yóò mọ́, yóò dà á sínú fláàṣì, yóò pín in fún ènìyàn mẹ́wàá ládùúgbò, yóò sì gba ₦200 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó kọ eré, ẹni tí ó gbé iná, ẹni tí ó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, kò sí èyí tí ó rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ẹ̀rù tí ń bà á nídìí. Microsoft yìí kan náà ni ó ra ilé-iṣẹ́ géèmù ZeniMax ní 2021 ní bílíọ̀nù 8.1 dọ́là, tí ó sì ti ilẹ̀kùn Arkane Austin, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ó bá ọjà náà wá, pa ní oṣù karùn-ún 2024. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe, kí ó máa fi ìyìn se ọbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé tí ó kọjá, ó pàdé mi lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní fíìmù tuntun wà nínú fláàṣì ọwọ́ òun, ₦200 ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun ni mo jẹ́, kí n mú ₦150 wá.