Ògiri Tí Kò Lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni lẹ́nu àwọn tí ó mọ ògiri amọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n dé Chicago, ìlú olóyìnyín, ìlú ẹ̀fúùfù a-ṣí-fìlà-lórí-onífìlà, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀, wọn ìbá rí ògiri kọnkéré tí ó panu mọ́ bí ajigbèsè tí a bi léèrè owó, tí ó sì ń fi ẹ̀yìn mu omi láti inú ilẹ̀.

Kọnkéré a máa le lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ni ó kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ilẹ̀ sì ń gbà wọlé. Èyí nìkan kọ́: nígbà ooru, afẹ́fẹ́ olómi a ti òde wọlé, a fara kan ògiri tútù náà, ògiri a sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Onílé wa, ọmọ Yorùbá pàtàkì, tí ó fẹ́ sọ àjà ilẹ̀ rẹ̀ di pálọ̀ ńlá tí yóò gba gbogbo aláṣọ ẹbí, kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Kápẹ́ńtà bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a lẹ ọ̀rá onígun mẹ́rin tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 18 mọ́ ògiri, kí a fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán, bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, ilẹ̀ ni ó ti wá, bí ó bá wà níwájú rẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni." Ẹ̀gbọ́n fi òwe pa á lẹ́nu mọ́: "Ṣé o rí ibi tí ògiri mi ti lanu ni?" Báyìí ni ó ṣe ní kí wọ́n ta ọ̀rá bo ògiri, kí wọ́n to igi, kí wọ́n kan pátákó ìbògiri tí wọ́n ń pè ní drywall, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ọ̀rá sé ọ̀rinrin mọ́ àárín igi; bébà tí ó bo drywall sì di oúnjẹ fún Bíbu, àlejò a-wọlé-má-kan-ilẹ̀kùn, a-jẹ-bébà-jẹ-pákó, tí ọjọ́ kan sí méjì tó fún láti hù lórí ohun tí ó tutù.

Ohun tí ó yẹ kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi han àlejò. Ògiri tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, a kì í bò ó rárá títí a ó fi wá orísun omi náà kàn. Ìta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: kí gọ́tà gbé omi òrùlé jìnnà sí ìpìlẹ̀, kí ilẹ̀ yíká ilé sì dagẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. (Kò sí onílù tí mo gbọ́ pé ó ki gọ́tà rí, ẹ jẹ́ kí èmi kì í: gọ́tà agbomi-òrùlé, adènà-ìkún-omi, ìránṣẹ́ tí kì í bèèrè ìnáwó.) Nínú ilé, fóòmù líle ni a ń lẹ̀ mọ́ kọnkéré pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án, a ń gbé drywall kúrò nílẹ̀ díẹ̀, a sì ń fi ẹ̀rọ fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ títí yóò fi wà nísàlẹ̀ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nínú pálọ̀ onílé wa, tí àwọn ìyá onílééṣì jókòó tán, sísín bẹ̀rẹ̀ láti àga dé àga. Ìyá àgbà kan sì bèèrè bóyá olú ni wọ́n gbìn sẹ́yìn ògiri. Onílé wa kò wá kápẹ́ńtà lọ. Ó ní àwọn ará ilé ni wọ́n ń bá òun jà láti òkèèrè, ó ránṣẹ́ pe wòlíì, wòlíì sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi garawa omi àdúrà méje wẹ ògiri náà láti òkè délẹ̀.