Bàbá Onílé àti Kalẹ́ńdà Rẹ̀

Bí ẹ bá ti wá ilé rí ní Ṣómólú, ní Bàríga tàbí ní Agége, ẹ ti bá a pàdé. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́ bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ìdí, "ọmọ mi" ló sì ń pe gbogbo ẹni tó bá wá wo ilé rẹ̀, títí owó yóò fi dé ọwọ́.

Bí ayálégbé kan bá kó jáde, bàbá kì í pe káfíńtà. Akunlé ló ń pè. Ògiri tó ń fa omi láti ìpìlẹ̀, ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Igi fèrèsé tí ikán ti jẹ tán, ọ̀dà náà ni. Aláǹgbá kan tí kò tètè sá nígbà tí wọ́n kunlé kẹ́yìn ṣì wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ dòní, ó funfun báláú, ó na ìrù. Ọ̀dà tí bàbá ń lò kì í sì í ṣe èyí tó wọ́n o: tí èèyàn bá fara kàn án láàárọ̀, á bá a dé ibi iṣẹ́.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri bàbá lanu dáadáa, ṣùgbọ́n kalẹ́ńdà ìsìnkú ìyá rẹ̀, ti ọdún 2009, ló fi bò ó lẹ́nu.

Ẹrù wíwò tún wà. Àga tìmùtìmù mẹ́ta, aṣọ fèrèsé aláwọ̀ wúrà, òdòdó oníke nínú ìkòkò dídán. Yàrá tó bá ṣófo ni wọ́n ń kó wọn lọ, bí aṣọ ìgbéyàwó tí ìyàwó mẹ́wàá ń háyà. Lókè orí wọn ni POP tuntun wà, lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún. POP yìí rẹwà púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá di oṣù Kẹfà, òjò á ya máàpù Áfíríkà sí i láàárín.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń mú èèyàn wá wolé. Jẹnẹrétọ̀ á ti máa ké lẹ́yìnkùlé.

"Ládùúgbò yìí, iná kì í lọ!" Bàbá ń pariwo rẹ̀ ni, kí ohùn rẹ̀ lè borí jẹnẹrétọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy," ni ajẹ́ńtì ń wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi ńkọ́?"

"Omi kẹ̀? Ṣí ẹ̀rọ yẹn, ọmọ mi."

Omi á tú yàà. Ọmọkùnrin méjì ti ń fi garawa pọn ọ́n sínú táǹkì láti ìdájí.

Ó ku owó. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 3. Bàbá mọ òfin yìí ju lọ́yà lọ, ìyẹn ló ṣe sọ owó ọdún kejì ní "owó ọ̀ṣọ́." Àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n wà lọ́tọ̀, ìdá 10 nínú 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ajẹ́ńtì bá bẹ̀rù Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù dé, àga ti lọ, aṣọ fèrèsé ti lọ, òdòdó ti lọ. Kalẹ́ńdà nìkan ló kù. "Ẹ má yọ ọ́ o, ìyá mi ni."

Owó ọ̀dà tí bàbá ti ná láti ọdún yìí wá á ti tó fi ra páànù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ páànù kì í hàn nínú fọ́tò tí ajẹ́ńtì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èmi ò tiẹ̀ lè kórìíra rẹ̀ tán. Mo ti dé yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn: kò kùn ún láti ìgbà tó ti kọ́lé, abọ́ mẹ́rin ló sì gbé sílẹ̀ tó fi ń gbe òjò. Ta ló fẹ́ wá wò ó níbẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, ẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ má pe ajẹ́ńtì. Ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in níwájú ilé, kí ẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Bí ẹ bá wọlé, ẹ kí bàbá dáadáa, ẹ kí i kú ìrántí ìyá rẹ̀, kí ẹ wá rọra gbé kalẹ́ńdà yẹn sókè.